Ọwọ́ Ìyá Àgbà Mi Lẹ́nu Ààrò

«Gbólóhùn yìí léwu. Ẹni tó bá kà á lè ki ọwọ́ bọ inú ààrò gbígbóná. Ẹ yọ ọ́ kúrò, tàbí kí ẹ sọ ìdí tó fi yẹ kó wà níbẹ̀.»

Ìkìlọ̀ tí mo bá lórí pọ́tábù, fóònù alágbèéká mi, nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí mò ń dúró kí omi ẹ̀kọ hó. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àyọkà kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ «Yíyan búrẹ́dì», nínú ìwé ìmọ̀ ńlá kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹnikẹ́ni lè wọ inú rẹ̀ kó sì fi ohun tó mọ̀ kún un. Ẹni tó kọ ìkìlọ̀ náà kò lo orúkọ gidi. «Ọmọ Kétu» ló pe ara rẹ̀. Èmi ni mo kọ gbólóhùn tó ní ó léwu. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́:

«Ní Akpakpa, láti mọ̀ bóyá ààrò ti tó, aláàrò á na ọwọ́ sínú rẹ̀, á sì ka Fátíhà lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá lè kà á parí kó tó yọ ọwọ́, ààrò ṣì gbóná jù. Bí ó bá kà á parí tí ọwọ́ náà kò sì ta á rárá, ààrò ti tutù jù. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń wù ú láti yọ ọwọ́ ṣùgbọ́n tó lè fara dà á dé Àmín, ààrò ti tó nìyẹn.»

«Aláàrò» tí mo kọ síbẹ̀ dà bí ẹni pé ènìyàn púpọ̀ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Ìyá àgbà mi ni, ìyá tó bí bàbá mi, Sàlámátù, ọmọ Ṣakété, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Búrẹ́dì. Wọ́n ti kú. Òfin ìwé ìmọ̀ yẹn sì ni pé a kò gbọdọ̀ kọ ìtàn ẹbí ẹni sínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn náà lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Òfin náà yé mi, mo sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ka ìkìlọ̀ yẹn tán, mo rí i pé mo gbọ́dọ̀ kọ nǹkan mìíràn síbòmíràn, níbi tí mo ti lè pe aláàrò náà ní orúkọ rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo kà dé, n kò lọ sí Yunifásítì Calavi bí àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Òwú àti bọ́tìnnì ni mò ń tà ní ọjà Dantokpa. Kí n tó kọ ohunkóhun sínú ìwé ìmọ̀ yẹn, Fàdílátù ọmọ mi ló kọ́kọ́ ṣí i. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Ó wá búrẹ́dì. A ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà mi nígbà náà, àwọn àga tí a yá sì ti padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni wọ́n. Mo jókòó tì í, mo bá a kà á. Àyọkà náà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná, ó sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ooru. Nígbà tó kan ààrò, ó ní: «Kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn ènìyàn máa ń lo ààrò alámọ̀.» Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Mo tún un kà. Ó ṣe mí bí ìgbà tí ènìyàn bá lọ kí ẹnì kan nílé rẹ̀, tí wọ́n sì ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ «àtúnṣe» sí, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Ààrò ìyá àgbà mi wà ní àgbàlá ilé wa ní Akpakpa, lẹ́yìn afárá, lápá ibi tí ọ̀nà Pọ̀tónóvò gbà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ó rí roboto bí ìkòkò ńlá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ní ẹnu kan níwájú. Wọ́n á dá iná igi sínú rẹ̀ títí amọ̀ náà á fi gbóná dénú. Wọ́n á wọ́ gbogbo ẹyin iná jáde, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ tútù gbá ilẹ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ká ọwọ́ aṣọ wọn dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á na ọwọ́ ọ̀tún sínú. A kì í sọ̀rọ̀. Ètè wọn nìkan ló ń mì. Wọn kì í sáré kà á, wọn kì í sì í fà á. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á yọ ọwọ́, wọ́n á gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́, wọ́n á ní, «Ẹ gbé wọn wá.»

Alfa àdúgbò wa, tó máa ń ra búrẹ́dì lọ́jọ́ Jímọ̀, gbọ́ nípa rẹ̀. Ó wá jókòó lórí bẹ́ńṣì níwájú ààrò, ó fajú ro bí ẹni tó fẹ́ báni wí.

«Ìyá, wọ́n ní ẹ ń fi Fátíhà wọn iná.»

«Ta ló sọ fún yín?»

«Gbogbo ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì yín.»

«Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́, Alfa.»

«Mò ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe aago.»

Ìyá àgbà mi fi aṣọ nu ìyẹ̀fun kúrò ní ọwọ́ wọn, wọ́n sì tọ́ka sí ẹnu ààrò. «Ó ṣí sílẹ̀. Ẹ na ọwọ́ yín síbẹ̀, kí a wò ó bóyá ẹ ó rántí wo aago.»

Alfa rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Ó gba búrẹ́dì rẹ̀, ó lọ. Kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún náà kò rí bí ti òsì. Kò sí irun kankan lẹ́yìn rẹ̀, awọ rẹ̀ sì ń dán bí ìdí ṣíbí tó ti pẹ́. Òun náà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ní ibà. Wọ́n á gbé e lé iwájú orí ọmọ, wọ́n á sì sọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní tẹmọ́mẹ́tà nílé, torí n kì í fi ọ̀rọ̀ ara ọmọ ṣeré, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé Fàdílátù lọ. Lọ́jọ́ kan mo gbé e sáré dé ibẹ̀ lórí zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń mí gúlegúle. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n wo ojú ọmọ náà, wọ́n sì wo tèmi.

«Àbẹ̀kẹ́, kí lo gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí?»

Mo ní pọ́tábù ni.

«Dá a padà fún un. Kì í ṣe ibà. Inú ló ń bí i.»

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kò gbà kí a lò lẹ́nu ààrò wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni «yan», tó wà lórí àkọlé àyọkà yẹn gan-an. Wọ́n ní ẹja la ń yan, àgbàdo la ń sun, búrẹ́dì ní tirẹ̀, a máa ń tẹ́ ẹ sùn ni. Wọ́n á to ìyẹ̀fun tó ti wú náà sínú ààrò pẹ̀lú pátákó ọlọ́wọ́ gígùn, wọ́n á fi páànù dí ẹnu ààrò, wọ́n á fi àpò tútù yí etí páànù náà ká, wọ́n á sì rẹ ohùn wọn sílẹ̀: «Wọ́n ti sùn.» Oníbàárà tó bá tètè dé, wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n ṣì ń sùn. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á béèrè pé, «Ìyá, ta ló ń sùn?» Wọ́n á ní, «Oúnjẹ yín.»

Mo kọ ọ́ sínú àyọkà náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: «Lẹ́yìn náà, a ó tẹ́ búrẹ́dì sùn.» Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi yọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ ọ́ di «sun», ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òun tún àṣìṣe ìkọ̀wé ṣe. Mo dá àmì náà padà. Ó tún yọ ọ́. Mo wá lọ sí ojú ewé tí àwọn tó ń tún àyọkà kọ ti máa ń bá ara wọn jíròrò, mo ṣàlàyé: sun ni ohun tí iná ń ṣe fún àgbàdo, sùn ni ohun tí ọmọ ń ṣe lórí ẹní, èkejì ni mo ní lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ìsọ̀ mi ní Dantokpa ni mo wà nígbà tí mo kọ ọ́, láàárín àwọn àwo bọ́tìnnì, omi sì ń bọ́ lójú mi. Obìnrin aránṣọ kan tó ń yan òwú wò mí.

«Ìyá Fàdílà, ṣé kò sí nǹkan?»

«Àmì kan ni wọ́n yọ kúrò.»

«Àmì kí ni?»

«Lórí ọ̀rọ̀.»

Ó gbé òwú tó ti mú sílẹ̀, ó rọra jókòó tì mí, ó sì kí mi kú àṣẹ̀yìndè. N kò mọ bí ó ṣe mọ̀. Bí ìyá àgbà mi bá wà níbẹ̀, wọn ì bá ti parí ọ̀rọ̀ náà láìsọ̀rọ̀ àmì. Ohun tí wọ́n máa ń wí fún àwa tí a bá ṣi ọ̀rọ̀ náà sọ ni pé, «Iná ló ń sun nǹkan. Búrẹ́dì tèmi kò fojú kan iná rí.»

Ẹni tí wọ́n bá ṣe gbólóhùn asọ̀ jù ni Rofínì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣí ilé búrẹ́dì sí igun òpópó wa. Bàgẹ́ẹ̀tì, búrẹ́dì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ló ń ṣe, ẹ̀rọ rẹ̀ sì tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó máa ń kọjá níwájú wa lórí alùpùpù, á dín eré kù, á ní, «Màmá, ààrò yín ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi.» Wọ́n á ní, «Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, èwo nínú àwọn méjèèjì ló máa ń sinmi?» Báyìí ni wọ́n ṣe ń bára wọn ṣe é, ó ti di ìkíni.

Nínú àwẹ̀ kan, iná lọ ní ọ̀sán, kò sì dé mọ́. Nígbà tí ìṣínu kù díẹ̀, Rofínì yọ sí àgbàlá wa pẹ̀lú àwọn àwo ìyẹ̀fun tó ti wú dé etí. Ìyá àgbà mi kò bi í ní ohun kankan. Wọ́n wọ́ ẹyin iná jáde, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ka ti wọn, wọ́n sì to gbogbo bàgẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú ààrò kí wọ́n tó kan búrẹ́dì tiwa. Nígbà tó fẹ́ gbé wọn lọ, ó béèrè ohun tí òun lè ṣe fún wọn.

«Sọ fún àwọn oníbàárà rẹ pé ààrò tó ti dàgbà ló bá ọ gbé ọmọ rẹ sùn.»

Mo gbọ́ pé ó sọ ọ́ fún wọn.

Ẹ̀rù wà lára mi, mo mọ̀. Mo máa ń yí ọwọ́ ìkòkò sí apá ògiri kí ọmọ má bàa fà á. Tí mo bá ti pa gáàsì, mo máa ń padà lọ wò ó. Ọkọ mi, tó ń wa takisí lọ sí Pọ̀tónóvò, máa ń ní, «Ìyá Fàdílà, omi tútù nìyẹn, kì í jóni.» Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ni mo ti kọ́ ọ. Kí wọ́n tó dá iná, wọ́n á bu eérú, wọ́n á fi fa ìlà sórí ilẹ̀ níwájú ààrò, ọmọ kankan kò sì gbọ́dọ̀ ré e kọjá. Kì í ṣe ọmọdé nìkan. Nígbà tí mo dàgbà, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń po ìyẹ̀fun, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ pé ìwúkàrà ti ṣiṣẹ́, wọ́n jẹ́ kí n gé e, kí n mọ ọ́n, kí n tò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlà eérú ni mo máa ń wà tí wọ́n bá ń na ọwọ́. Lẹ́yìn tí mo bí Fàdílátù, mo rò pé ó ti tó àkókò.

«Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí n nà án lónìí.»

«Padà sẹ́yìn, Àbẹ̀kẹ́.»

«Èmi náà ti di ìyá ọmọ.»

«Ìdí tí mo fi ní kí o padà sẹ́yìn nìyẹn. Ta ló máa bá ọ wẹ̀ ẹ́?» Wọ́n ti na ọwọ́ tiwọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. «Ọwọ́ kan tó fún ilé yìí.»

Àìsàn ṣúgà mú wọn nígbà tó yá. Wọ́n gbà á bí wọ́n ṣe ń gba àlejò tí wọn kò pè. Wọ́n dín oúnjẹ kù, wọ́n ń lo oògùn tí dókítà fún wọn. Wọ́n máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹsẹ̀ wọn pé kì í mọ ilẹ̀ mọ́: «Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tí n kò rà.» A máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ lè dé ọwọ́.

Lẹ́yìn náà, Fàdílátù ṣàìsàn. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn bí mo ti ń ṣe, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní ara rẹ̀ tutù. Mo ti fi tẹmọ́mẹ́tà wò ó kí n tó jáde nílé, ara rẹ̀ gbóná. Mo gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, ibà ni. Nígbà tí mo padà wá sọ fún wọn, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún náà sókè, wọ́n yí i wò níwájú àti lẹ́yìn, bí ẹni tó ń wo ọmọ tó kọ̀ láti dáhùn. «Ó ní òun kò gbọ́», ni wọ́n wí.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́. Ọyẹ́ ń fẹ́. Wọ́n wọ́ ẹyin iná jáde, wọ́n na ọwọ́, wọ́n kà á parí, wọn kò sì gbọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ó tutù. Wọ́n tún kó igi sí i, wọ́n dúró kó jó, wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n tún na ọwọ́. Wọ́n ní ó ṣì tutù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bú ọkùnrin tó ń ta igi, tí kò sí níbẹ̀, pé igi tó mu omi ló tà fún àwọn. Igi tún wọlé. Láti ẹ̀yìn ìlà eérú, ooru náà ti ń gbá wa lójú.

«Ìyá àgbà, ooru yìí ń dé ọ̀dọ̀ wa o.»

«Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, oòrùn náà máa ń dé ọ̀dọ̀ yín.»

Wọ́n na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rí ètè wọn tó ń mì. Wọn kò sáré, wọn kò sì fà á. Wọ́n dé òpin rẹ̀, wọ́n ní kí a máa gbé wọn wá, ọjọ́ kúkú ti ń lọ. A tò ó, a fi páànù dí i. Kò pẹ́ rárá tí òórùn fi bẹ̀rẹ̀ sí jáde lábẹ́ àpò tútù. Wọ́n ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Èmi ń wo búrẹ́dì. Ìyá àgbà mi ń wo ọwọ́ wọn. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, abẹ́ rẹ̀ funfun. Wọ́n gbé e wá sítòsí ojú mi, wọ́n sì bi mí léèrè ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àjèjì:

«Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ń dùn mí?»

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi báńdéèjì dì í, a sì padà wálé. Ẹbí péjọ sí yàrá wọn. Ràṣídì, àbúrò bàbá mi, sọ pé ó dun òun, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ààrò náà kú. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ mọ iṣẹ́ náà, ó ti mọ ìyẹ̀fun pò, ohun tó kù fún un kò ju kó máa na ọwọ́ lọ, á mọ́ ọn lára. Àwọn tó kù ní òótọ́ ni. Ìyá àgbà mi wà lórí ẹní, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìró kan mú gbogbo wa jáde. Ìyá àgbà mi dúró níwájú ààrò, ọkọ́ wà ní ọwọ́ òsì wọn, ti ọ̀tún tí a dì wà ní àyà wọn. Ẹnu ààrò ti wó. Wọ́n ti ń lu orí rẹ̀. Ọwọ́ òsì kò mọ iṣẹ́ náà, ọkọ́ ń yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tún gbé e.

Ràṣídì sáré dé ibẹ̀. «Ìyá, kí lẹ ń ṣe yìí? Ààrò tí gbogbo wa jẹ nínú rẹ̀, tí a fi ra ìwé wa?»

Wọn kò dúró. «Ẹ̀yin ń wo ààrò,» ni wọ́n wí. «Èmi ń wo ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́.»

Ọgbẹ́ náà kò san. Ṣúgà kò jẹ́ kó san. Ó gun apá, ó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Nígbà tí a fẹ́ wẹ̀ wọ́n fún ìsìnkú, èmi ni wọ́n ní kí n tú báńdéèjì. Mo ń da omi sí ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ mi gbà á kó má bàa balẹ̀ lé e pẹ̀lú agbára. Obìnrin àgbà tó ń darí wa rí mi. «Má bẹ̀rù, Àbẹ̀kẹ́,» ló wí. «Kò lè dùn wọ́n mọ́.» N kò mọ bí mo ṣe lè sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí kò ti dùn wọ́n.

Ẹ ti rí ìdí tí ìkìlọ̀ Ọmọ Kétu fi bí mi nínú. Èmi tí mo ń bẹ̀rù omi gbígbóná, èmi tí mo rí ohun tí ọwọ́ yẹn ṣe, mo mọ̀ pé gbólóhùn náà léwu kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé ìmọ̀ yẹn, ibẹ̀ nìkan ni ìyá àgbà mi ti ń mí. Ọwọ́ wọn wà níbẹ̀, ètè wọn ń mì. Mo fèsì pé ọ̀nà tí a gbà ń ṣe é nìyẹn, kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Ó dáhùn: «N kò ní irọ́ ni. Mo ní ó léwu. Àwọn mìíràn máa ń wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sí ilẹ̀ ààrò. Tó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ó gbóná jù. Tó bá pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó tó. Ẹ lè kọ ìyẹn. Ìyẹ̀fun kò ní awọ.»

Mo kọ ọ́ padà: «Ìyẹ̀fun kò mọ Fátíhà.»

«Ẹ má bínú, ìyá. Ṣé ọmọ wà nílé lọ́dọ̀ yín?»

Mo da pọ́tábù dojú dé orí tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ Fàdílátù ní pálọ̀. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú pọ́tábù mi. Inú rẹ̀ máa ń dùn pé ìyá òun ló kọ ohun tó wà níbẹ̀, ó sì máa ń kà á sókè. Ó wá ní:

«Màmá, ṣé Bìsìmílà wà nínú ẹ̀, àbí láti Alihamudulilahi ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀?»

«Bẹ̀rẹ̀ kí ni?»

«Tí mo bá na ọwọ́.»

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wà lókè. Ó ya àwọn ìka rẹ̀ sọ́tọ̀, ojú rẹ̀ wà lára ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó lórí gáàsì. Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo pa gáàsì, mo di ọwọ́ náà mú. Mo wò ó níwájú àti lẹ́yìn. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní, «Màmá, ẹ ń fún ọwọ́ mi mọ́lẹ̀.»

N kò lè dá ìbéèrè rẹ̀ lóhùn. Ìyẹn ni n kò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn títí di òní. Láti kékeré ni mo ti ń wo ètè ìyá àgbà mi láti ẹ̀yìn ìlà eérú, ṣùgbọ́n láti ọ̀hún, a kì í gbọ́ ohùn wọn. N kò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń ka Bìsìmílà kí wọ́n tó na ọwọ́, tàbí nígbà tí ọwọ́ bá ti wọlé. Bí a bá fi í kún un, ó gùn sí i. Bí a bá yọ ọ́, ó dínkù. Ìyàtọ̀ náà wà láàárín búrẹ́dì tó pọ́n àti èyí tó jóná. Mo ti kọ gbólóhùn kan fún gbogbo ayé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, n kò sì mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, mo gba pọ́tábù lọ́wọ́ ọmọ mi, mo pa gbólóhùn náà rẹ́. Mo kọ ti ìyẹ̀fun sí àyè rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí Ọmọ Kétu pé mo ti yọ ọ́.

Ó dáhùn kíákíá. «Ẹ ṣeun púpọ̀, ìyá. Ẹ bá mi kí aláàrò náà. Ẹ ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọwọ́ wọn.»

Kò mọ̀. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ bí ohun tí wọ́n ṣì ń ṣe. Mo kọ ọ́ pé wọ́n á gbọ́, mo sì pa pọ́tábù náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dé ibí, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Bí àgbà kan bá wà nílé yín tí àìsàn ṣúgà ń ṣe, ẹ má bi í bóyá ara rẹ̀ le, torí á ní ó le. Ẹ ní kó di ojú. Ẹ mú òwú díẹ̀, ẹ fi kan àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ẹ bi í pé èwo lẹ fọwọ́ kàn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ kí òun nìkan dúró ti iná, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é lónìí, kí wọ́n tó dá iná oúnjẹ alẹ́.